Panápaná nínú Eré Orí Tẹlifíṣọ̀n: Àgbéyẹ̀wò Òtítọ́ àti Àbùmọ́ pẹ̀lú Ìtọ́kasí sí Erio-Èkìtì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí àwọn eré orí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń ṣe àfihàn iṣẹ́ panápaná, ó sì fi àfihàn náà wé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Tíọ́rì ìfojú-ìbára-ẹni-gbé-pọ̀-wo-lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ náà gùn lé. Àbájáde rẹ̀ ni pé eré ilẹ̀ òkèèrè sábà máa ń sọ òtítọ́ nípa irinṣẹ́ àti àjọṣe àwọn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń fi òtítọ́ nípa èéfín, àkókò àti omi pamọ́. Eré Yorùbá ní tirẹ̀ mọ iná lò gẹ́gẹ́ bí àmì agbára àti ẹ̀san, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ka panápaná sí ẹ̀dá ìtàn. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ohun mẹ́ta tí eré ń fi pamọ́ yìí gan-an ni ará ìlú tí ó jìnnà sí ibùdó panápaná, irú Erio-Èkìtì, nílò láti mọ̀ kí ẹ̀mí má baà ṣòfò.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Òwe yìí kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí yóò wá pa iná náà. Onílé ni ó ń bá wí. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé ní ayé àtijọ́, nígbà tí koríko àti ewé ni wọ́n fi ń bo ilé, pípa iná kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Gbogbo àdúgbò ni ó ni ín. Bí ariwo iná bá ti sọ, ẹni tí yóò pọnmi á pọnmi, ẹni tí yóò bu yẹ̀pẹ̀ á bu yẹ̀pẹ̀, àwọn géńdé á sì gun òrùlé tí iná kò tíì dé láti ká ewé orí rẹ̀ dànù kí iná má baà rí ohun jó kọjá.

Ìgbà ìjọba amúnisìn ni pípa iná di iṣẹ́ oṣù ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1901 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀ ní ìlú Èkó lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá. Inú ẹgbẹ́ yìí ni ilé-iṣẹ́ panápaná ìjọba àpapọ̀ ti ṣẹ̀, ọdún 1963 ni òfin tí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ sì jáde. Orúkọ tí Yorùbá fún òṣìṣẹ́ náà yẹ fún àkíyèsí. Inú àpólà ìṣe 'pa iná', tí ìpajẹ sọ di 'paná', ni wọ́n ti ṣẹ̀dá 'panápaná' nípa àpètúnpè kíkún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣẹ̀dá 'jagunjagun', 'pẹjapẹja' àti 'gbẹ́nàgbẹ́nà'. Ohun kan ṣoṣo ni orúkọ náà sì dárúkọ nínú ohun púpọ̀ tí òṣìṣẹ́ náà ń ṣe. Kò dárúkọ yíyọ ènìyàn nínú ọkọ̀ tí ó dojú dé, kò dárúkọ yíyọ ọmọ tí ó jìn sí kànga, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ kíkọ́ ará ìlú ní bí iná kò ṣe ní ṣẹ́ yọ.

Ní ọjọ́ 31 oṣù October, ọdún 1959, ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Ìbàdàn. Láti ìgbà náà wá ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti di ojú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rí iṣẹ́ tí kò sí ní àdúgbò wọn. Ọ̀pọ̀ ará ìlú kéékèèké ní Èkìtì ni kò tíì rí panápaná lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀, inú eré ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ìbéèrè bóyá òtítọ́ ni eré ń sọ kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ eré lásán.

2.0 Tíọ́rì tí Iṣẹ́ yìí Gùn Lé

Tíọ́rì ìfojú-ìbára-ẹni-gbé-pọ̀-wo-lítíréṣọ̀ gbà pé inú àwùjọ ni iṣẹ́ ọnà ti ń jáde, inú àwùjọ náà ni ó sì ń padà sí. Òǹkọ̀wé eré ń mú ohun tí ó rí lò, òǹwòran náà sì ń mú ohun tí ó wò lò. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni iṣẹ́ yìí bi eré kọ̀ọ̀kan: kí ni ó fi han òǹwòran nípa iṣẹ́ panápaná? Kí ni òǹwòran yóò ṣe ní ọjọ́ tí iná bá ṣẹ́ yọ ní ilé rẹ̀ nítorí ohun tí ó ti wò?

Ó tọ́ láti ṣe àlàyé kan níhìn-ín. Eré kì í ṣe ìròyìn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni retí pé kí ó jẹ́ ìròyìn. Àbùmọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun èlò òṣèré. Ṣùgbọ́n oríṣi àbùmọ́ méjì ni ó wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó kàn ń bu ẹwà kún eré, tí òǹwòran sì mọ̀ pé eré ni. Èkejì ni èyí tí òǹwòran kò mọ̀ pé àbùmọ́ ni, tí ó sì gbà gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀. Bí olú ẹ̀dá ìtàn bá fò láti òrùlé kan sí èkejì, kò sí ẹni tí yóò gbìyànjú rẹ̀ ní ilé. Ṣùgbọ́n bí ó bá na tọ́tọ́ nínú ilé tí èéfín kún, tí ó ń sọ̀rọ̀ láìwúkọ́, òǹwòran yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Oríṣi àbùmọ́ kejì yìí ni iṣẹ́ yìí kọ ojú sí.

3.0 Iná nínú Eré Yorùbá

Eré Yorùbá kò ṣàì mọ iná. Nínú Ọba Kò So, eré tí Dúró Ládiípọ̀ kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1963, iná ni agbára Ṣàngó. Iná kan náà ni wọ́n fi dán Gbọ̀nkáà wò, tí wọ́n jù ú sínú rẹ̀, tí ó sì jáde láìjóná. Kò sí àyè fún panápaná nínú irú eré bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ó sí. Iná ibẹ̀ kì í ṣe ìjàǹbá. Ó jẹ́ ọ̀nà láti mọ ẹni tí agbára rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n ké sí panápaná nítorí iná Ṣàngó kò mọ ohun tí òǹkọ̀wé ń sọ.

Nígbà tí eré Yorùbá kúrò ní ààfin, tí ó wọ ilé oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ẹbí olórogún nínú fíìmù àgbéléwò, iná bá wọn dé ibẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ tuntun. Ó di ẹ̀san. Ilé ẹni tí ó fi èrú kó owó jọ lè jó. Ìsọ̀ oníṣòwò tí ẹlẹ́gàn ń ṣe ìlara rẹ̀ lè jó kí òǹwòran lè rí bí olówó ṣe di òtòṣì ní òru ọjọ́ kan. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ohun tí ó fa iná kì í sábà jẹ́ wáyà tí ó ti gbó, àbẹ́là tí wọ́n gbàgbé tàbí sílíńdà gáàsì tí ó ń jò. Ọwọ́ ayé tàbí ìdájọ́ Olódùmarè ni wọ́n máa ń ka iná náà sí.

Ohun tí èyí mú wá ni pé ó ṣòro láti rí eré Yorùbá tí panápaná jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Ọlọ́pàá, dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, adájọ́ àti babaláwo ni orúkọ àti ìṣesí tí òǹwòran mọ̀ nínú eré. Panápaná kò ní orúkọ. Bí ó bá wọlé rárá, fèrè ọkọ̀ rẹ̀ ni òǹwòran máa ń gbọ́ lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti jó tán. Bí eré kò bá fún òṣìṣẹ́ kan ní ìtàn, àwùjọ kì í mọ ìṣòro rẹ̀, ìbáwí nìkan ni ó sì máa ń tọ́ sí i. Àyè tí eré ilé ṣí sílẹ̀ yìí ni eré òkèèrè wọ̀.

4.0 Panápaná nínú Eré Ilẹ̀ Òkèèrè

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni eré àtìgbàdégbà tí ó dá lórí panápaná ti gbilẹ̀ jù. Lára wọn ni Emergency! (1972 sí 1977), London's Burning (fíìmù ní 1986, eré àtìgbàdégbà láti 1988 sí 2002), Rescue Me (2004 sí 2011) àti Chicago Fire tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012. Irú eré wọ̀nyí ń dé ọ̀dọ̀ òǹwòran ilẹ̀ yìí nípasẹ̀ sátẹ́láìtì, àwo díìsì àti íntánẹ́ẹ̀tì.

4.1 Ibi tí Eré ti Sọ Òtítọ́

Kò ní dára kí ìbáwí ṣáájú ìyìn. Àwọn tí ó ṣe Chicago Fire lo ibùdó panápaná gidi kan ní ìlú Chicago láti ya àwòrán ìta ibùdó inú eré náà, wọ́n sì gba Steve Chikerotis, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ panápaná ìlú náà, gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Ìdí nìyí tí aṣọ, àkàbà, àáké àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín iṣẹ́ láàárín ara wọn fi sún mọ́ bí ó ti rí. Rescue Me ní tirẹ̀ sọ nípa ọgbẹ́ ọkàn. Panápaná 343 ni ó kú ní ìlú New York ní ọjọ́ 11 oṣù September, ọdún 2001. Eré náà sì fi bí ikú àwọn ẹlẹgbẹ́ ṣe ń dà láàmú ẹni tí ó ṣẹ́kù hàn. Èyí jẹ́ òtítọ́ tí aṣọ àti ọkọ̀ kò lè sọ.

4.2 Èéfín

Ibi tí eré ti kọ́kọ́ yà kúrò lójú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ èéfín. Nínú eré, iná máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú, afẹ́fẹ́ inú iyàrá sì máa ń mọ́. Òṣèré á yọ ìbòjú kí òǹwòran lè rí ojú rẹ̀ kí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò farasin: kámẹ́rà kò lè ya ohun tí kò rí, gáàsì tí wọ́n ń tàn tí wọ́n sì ń pa bí ó ti wù wọ́n ni wọ́n sì sábà máa ń lò fún iná orí ìtàgé, èyí tí kì í rú èéfín púpọ̀.

Lójú ayé, èéfín ni ó ń pa ènìyàn ju ọwọ́ iná lọ. Èéfín dúdú tí ó ń jáde lára fóòmù, ike àti rọ́bà ní gáàsì olóró nínú. Ẹni tí ó bá ń fà á símú lè dákú kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, panápaná lè má rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ó gbé ìgò afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, ó de ìbòjú, ó ń rákò, ó sì ń fi ọwọ́ tọ ògiri kí ó má baà sọnù nínú iyàrá tí kò tóbi ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Òǹwòran tí kò mọ èyí yóò rò pé níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ iná bá ṣì jìnnà, àyè ṣì wà. Yóò dìde dúró sínú èéfín tí ó kún òkè iyàrá, nígbà tí afẹ́fẹ́ tí ó ṣẹ́kù wà nílẹ̀. Tàbí kí ó padà wọlé lọ mú owó àti ìwé ẹ̀rí.

4.3 Àkókò

Èkejì ni àkókò. Nínú eré, iná máa ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu. Tọkọtaya lè parí ìjà, ọ̀rẹ́ méjì lè dárí ji ara wọn, kí òrùlé tó wó. Àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ UL ní Amẹ́ríkà ti fi iyàrá méjì dán èyí wò. Ìkan ní àga onígi àti òwú bí ti àtijọ́; èkejì ní àga fóòmù àti ohun èlò oníke bí ti òde òní. Iyàrá ti àtijọ́ lo ohun tí ó ju ìṣẹ́jú 25 lọ kí gbogbo inú rẹ̀ tó gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Iyàrá ti òde òní kò lò tó ìṣẹ́jú 5.

Iná kékeré pẹ̀lú kò ṣe é fojú di. Ní ọjọ́ 18 oṣù November, ọdún 1987, iná kan ràn lábẹ́ àtẹ̀gùn onígi tí ó ń dá rìn ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ King's Cross ní London. Ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́ ni èrò ọkọ̀ kan fi tó wọn létí. Iná náà kò jọni lójú rárá. Nígbà tí yóò fi tó ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn náà, ó bú jáde lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ra ìwé ìwọkọ̀. Ènìyàn 31 ni ó kú, ọ̀gá panápaná kan tí ń jẹ́ Colin Townsley sì wà lára wọn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iná ni iná náà pa. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá, kí ni ti ẹni tí ó dúró ń wòran?

4.4 Omi àti Irinṣẹ́

Ẹ̀kẹta ni omi. Omi inú eré kì í tán, àkàbà inú eré sì máa ń dé ibi tí olú ẹ̀dá ìtàn wà. Ìṣirò fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà kan tí wọ́n fi ń tú omi sí iná lè lo nǹkan bí lítà 550 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ọkọ̀ bá gbé lítà 10,000, tí rọ́bà méjì sì ń tú u lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní ju bí ìṣẹ́jú 9 lọ kí omi náà tó tán. Níbi tí ẹ̀rọ omi bá wà ní ẹ̀bá títì, wọn á so rọ́bà mọ́ ọn. Níbi tí kò bá sí, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ padà lọ wá omi. Ará ìlú tí eré ti kọ́ pé omi kì í tán yóò rí ọkọ̀ tí ó yí padà, yóò sì pariwo pé wọn kò gbé omi wá. Láti inú irú àìmọ̀ yìí pẹ̀lú ni òkò tí wọ́n ń sọ lu panápaná ní ọ̀pọ̀ ìlú ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ àkàbà náà ní ẹ̀rí nílé. Ní ọjọ́ 24 oṣù January, ọdún 1983, iná jó ilé gíga tí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní NET ń lò ní Èkó. Kò sí àkàbà orí ọkọ̀ panápaná kankan ní gbogbo ayé tí ó lè dé òkè irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní oṣù January, ọdún 1985, iná jó Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tí ó ní àjà 26. Irú ilé gíga bẹ́ẹ̀ nílò omi àti ọ̀nà àsálà tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn láti ìpìlẹ̀. Ìgboyà òṣìṣẹ́ nìkan kò lè rọ́pò wọn.

Yàtọ̀ sí èyí, omi kì í pa gbogbo iná. Ẹni tí ó bá ti rí epo pupa lójú omi mọ̀ pé omi kì í bo epo mọ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá da omi sí epo tí ń jó, epo náà á léfòó, á sì gbé iná kiri. Epo bẹntiróòlù tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru rẹ̀ tí ojú kò rí máa ń rìn nílẹ̀ lọ bá iná tí ó wà lókèèrè. Ní ọjọ́ 26 oṣù December, ọdún 2006, ní Abúlé Ẹ̀gbá ní Èkó, ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn tí ń gbọ́n epo lójú ọ̀pá tí àwọn olè bẹ́ ni iná jó pa. Nínú eré, bẹntiróòlù máa ń jó tẹ̀ lé ìlà tí ẹni ibi dà á sí. Lójú ayé, kò mọ ìlà.

4.5 Iṣẹ́ Òòjọ́

Bí òǹwòran bá tẹ̀ lé eré, yóò gbà pé iná ńlá ni panápaná ń bá jà lójoojúmọ́. Ní ọdún 2020, ìpè tí ilé-iṣẹ́ panápaná Amẹ́ríkà jẹ́ lé ní mílíọ̀nù 36. Àwọn tí ó jẹ́ iná nínú wọn kò tó 4 nínú 100. Ọ̀rọ̀ àìsàn àti ìjàǹbá ni ó pọ̀ jù. Yàtọ̀ sí ìpè, ìtọ́jú ọkọ̀, ìdánrawò, àyẹ̀wò ilé àti ìlanilọ́yẹ̀ kún inú iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ panápaná ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ti fi ìdóòlà kún orúkọ tí ó ń jẹ́. Àwọn òǹkọ̀wé eré kì í fẹ́ àyẹ̀wò wáyà, nítorí pé kò ní ariwo nínú. Síbẹ̀, iná tí kò ṣẹ́ yọ rárá ni panápaná ṣẹ́gun jù.

5.0 Erio-Èkìtì: Ohun tí Àbùmọ́ Lè Fà

Erio wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì tí Arámọkọ jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Adó-Èkìtì ni olú ilé-iṣẹ́ panápaná ìpínlẹ̀ náà wà. Ọkọ̀ tí ó bá ti Adó gbéra gbọ́dọ̀ gba Ìyìn, Ìgèdè àti Arámọkọ kọjá kí ó tó dé Erio, nǹkan bí kìlómítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀nà bá dán, tí ọkọ̀ sì ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, yóò gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Iyàrá tí fóòmù wà nínú rẹ̀ kò sì nílò tó ìṣẹ́jú 5. Ìṣirò yìí kò bá ẹnikẹ́ni wí. Awakọ̀ tí kò fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò kò lè borí rẹ̀.

Èyí ni ó fi hàn pé àbùmọ́ inú eré kò rí bákan náà fún gbogbo òǹwòran. Ará Chicago tí ó gbà pé panápaná yóò dé láìpẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà, nítorí pé ibùdó kò jìnnà sí i. Ará Erio tí ó gbà bẹ́ẹ̀ yóò fi ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó ní wo ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ọkọ̀ bá dé bá eérú, ìbínú ni yóò kí i. Nígbà tí ọjà Akẹ́sán ní ìlú Ọ̀yọ́ jó ní oṣù January, ọdún 2020, ẹ̀sùn pé ìrànwọ́ panápaná kò tètè tó wọn lọ́wọ́ gba ẹnu ará ìlú kan. Ìbéèrè nípa iye ibùdó, iye ọkọ̀ àti ibi tí omi wà ni ó yẹ kí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bí, kí ó sì dé iwájú ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹni tí eré ti kọ́ pé ìgboyà nìkan ni panápaná nílò yóò rò pé ọ̀lẹ ni ó fà á.

Ohun mìíràn tí eré kò mọ̀ rárá ni iná oko. Ìlú ńlá ni eré panápaná máa ń dá lé. Ṣùgbọ́n ní ìhà Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, oko kòkó ni ọrọ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ewé gbẹ, iná tí ọdẹ fi lé ẹranko tàbí tí àgbẹ̀ fi sun oko ẹ̀gẹ́ lè wọ inú kòkó. Ní ọdún 1983, nígbà ọ̀dá, iná igbó run oko kòkó púpọ̀ ní Ghana àti Côte d'Ivoire. Igi kòkó kì í so lọ́dún tí wọ́n gbìn ín. Ẹni tí iná jó oko rẹ̀ pàdánù ọdún púpọ̀ ní ọ̀sán kan. Ọkọ̀ panápaná kò sì lè gba ojú ọ̀nà oko. Àgbẹ̀ tí ó ro etí oko rẹ̀ mọ́ tónítóní kí ọyẹ́ tó dé, tí ó sì fi tó aládùúgbò létí kí ó tó dáná sun pápá, òun ni panápaná ibẹ̀.

6.0 Àwọn Àbá

6.1 Fún Òǹkọ̀wé Eré: Ẹ̀rí wà pé eré tí ó bá sọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ kan lè mú kí àwùjọ béèrè fún iṣẹ́ náà. Nígbà tí Emergency! bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ìwọ̀nba ìlú díẹ̀ ni ó ní òṣìṣẹ́ tí ó ń tọ́jú aláìsàn lójú ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Eré náà wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ará ìlú mọ iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un ní ìlú tiwọn. Òǹkọ̀wé eré Yorùbá lè ṣe irú rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ó wà láàárín ìpè àti dídé ọkọ̀ tó eré odindi. Àkókò ni alátakò inú rẹ̀. Ará ìlú ni olú ẹ̀dá ìtàn. Ta ni yóò rántí pa iná mànàmáná láti orísun? Ta ni yóò di ìyá arúgbó mú kí ó má padà wọlé? Ta ni yóò dúró ní oríta láti fi ọ̀nà han awakọ̀? Ìfòyà, ìfẹ́ àti ìjà wà nínú ìbéèrè wọ̀nyí láìsí pé òǹkọ̀wé parọ́ kankan nípa iná.

6.2 Fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́: Ní kíláàsì, kí olùkọ́ mú ìran kan láti inú eré, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì to ohun mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: ibi tí èéfín wà, iye ìṣẹ́jú tí ó kọjá, àti ibi tí omi ti wá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún ìran náà kọ bí yóò ti rí ní ìlú tiwọn. Kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ èyí tí ará ibẹ̀ ń sọ. Ẹni tí ó ń ké ní òru ní Èkìtì lè pe iná ní 'uná', kí ó sì pe ilé ní 'ulé'. Ẹ̀ka-èdè wà lára òtítọ́ eré.

6.3 Fún Ará Ìlú: Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí eré kọ́ni kò pọ̀. Kí ènìyàn tètè ké, kí ó sì tètè jáde. Kí ó rákò bí èéfín bá ti kún. Kí ó pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀ kí iná má baà rí afẹ́fẹ́. Kí ó má padà wọlé. Iyanrìn tàbí ìderí ìkòkò ni ó yẹ iná epo tí ó ṣì kéré, kì í ṣe omi. Nọ́ńbà 112 ni ti ìpè pàjáwìrì jákèjádò Nàìjíríà. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan sì mọ odò tàbí kànga tí ọkọ̀ panápaná lè dé, kí iná tó dé.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé eré òkèèrè mọ aṣọ panápaná ju iná tí ó ń pa lọ, àti pé eré Yorùbá mọ iná ju ẹni tí ń pa á lọ. Èéfín, àkókò àti omi ni ohun mẹ́ta tí àwọn méjèèjì kò sọ tó. Ní ìlú tí ibùdó panápaná wà nítòsí, àìsọ yìí lè jẹ́ àléébù ọnà lásán. Ní ìlú bí Erio, ó lè pààyàn. Òwe tí ó ní kí ènìyàn má fi iná sórí òrùlé sùn kò tíì gbó. Onílé ni ó kọ́kọ́ jẹ́ panápaná, eré tí ó bá sì fẹ́ sọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.